Òfin Gba Ọ̀rá Lọ́wọ́ Wa: Kí Ló Fi Dípò?

Ìwé tí a fẹ́ jọ kà lónìí kì í ṣe ìtàn ìjàpá, kì í sì í ṣe ìwé tó ń sọ nípa ibà. Ìwé òfin ni. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń bẹ̀rù ìwé òfin. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, àti pé nígbà tí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé ẹnu ọ̀nà ẹni, ọlọ́pàá ló sábà máa ń mú un wá. Ṣùgbọ́n òfin tí mo ń sọ yìí ti wọ inú igbá ẹlẹ́kọ, ó sì ti wọ inú àpò ẹni tó lọ ra iyọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí a lè kà á fúnra wa. Ó yẹ kí a lè sọ èyí tó dára nínú rẹ̀, kí a sì sọ ibi tó kù sí.

Òfin náà ni òfin nọ́ńbà 2017-39, ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017. Ní Àjàṣẹ́, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wà, ni wọ́n ti ṣe é. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ló dá lé, ọ̀rá tí àwọn mìíràn ń pè ní sáṣè. Orúkọ òfin náà gùn gan-an. Bí a bá tú u sí èdè wa, ohun tó sọ ni pé ó ka nǹkan wọ̀nyí léèwọ̀: ṣíṣe ọ̀rá, kíkó o wọ ìlú, kíkó o jáde, títà á, níní in lọ́wọ́, pípín in fún ènìyàn, àti lílò ó, bí ọ̀rá náà bá jẹ́ irú èyí tí kì í jẹrà. Ẹ fi ìka kà á. Nǹkan méje ni.

Kí n tó bá òfin yìí wíjọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbè é lẹ́yìn. Ọ̀rá ti ṣe wá ní ibi púpọ̀. Àgbẹ̀ tó ń dáko lẹ́bàá ìlú mọ̀ pé kì í pẹ́ kí ọkọ́ òun tó kan ọ̀rá. Ibi tí ọ̀rá bá tẹ́ sí nínú ilẹ̀, omi òjò kì í rí ọ̀nà wọlẹ̀, gbòǹgbò àgbàdo kì í sì í rí ọ̀nà kọjá. Ewúrẹ́ ń jẹ ọ̀rá nítorí iyọ̀ àti ọbẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ọ̀rá á wé mọ́ ìfun, ikùn ẹran á wú, ẹran á sì kú. Ní Kútọnu, ilẹ̀ rẹlẹ̀, òkun wà ní ìhà kan, ọ̀sà wà ní ìhà kejì. Bí òjò bá dé, ọ̀rá á dí ojú ọ̀nà àgbàrá, omi á sì wọ ilé olówó àti ilé tálákà. Omi tó bá dúró síbẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Ẹni tó bá sọ pé kò yẹ kí ìjọba fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ọ̀rá, onítọ̀hún kò tí ì rìn láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu lásìkò òjò rí.

Èmi kò bá òfin náà jà nítorí pé ó lòdì sí ọ̀rá. Ohun tí mo ń bá a jà lé lórí ni ẹni tó dojú kọ, àti ẹni tó gbàgbé.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rá ná. Ọ̀rá kì í hù bí ewé. Inú epo rọ̀bì àti gáàsì tí wọ́n ń wà jáde láti inú ilẹ̀ ló ti ń wá. Ilé iṣẹ́ ńláńlá a sọ ọ́ di wóró kéékèèké, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrẹsì. Ẹni tó ń ṣe ọ̀rá a ra wóró yìí, a dà á sínú ẹ̀rọ, ooru a sì yọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ẹ̀rọ a fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú, bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ bàlúù lọ́jọ́ ọdún. Ó di ohun gígùn tó fẹ́lẹ́, tí inú rẹ̀ ṣófo. Ẹ̀rọ a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, a gé e, a sì fi ooru lẹ ìdí rẹ̀ pọ̀. Ó tán. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún lójúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá kò fi wọ́n, tí ìyá tó ń ta iyọ̀ fi lè fi í ta ẹni lọ́rẹ.

Ṣùgbọ́n owó tí a ó fi kó o kúrò lójú àgbàrá kò sí nínú iye tí wọ́n ń tà á. Owó ewúrẹ́ tó kú kò sí níbẹ̀. Bí a bá ṣírò gbogbo ìyẹn mọ́ ọn, ọ̀rá á wọ́n ju ewé lọ. Nítorí pé ẹnikẹ́ni kì í ṣírò rẹ̀, ẹni tó ń ṣe ọ̀rá ń jèrè, ẹni tó ń ṣe agbọ̀n sì ń pàdánù. Ibi tí mo lérò pé ìjọba yóò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, níbi owó.

Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ méje yẹn. Mélòó nínú wọn ló kan ẹni tó ní ẹ̀rọ? Ṣíṣe kàn án. Kíkó jáde lè kàn án. Kíkó wọlé kan oníṣòwò ńlá tó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Mélòó ló wá kan ẹni tó gbé igbá ka orí? Títà, níní lọ́wọ́, pípín, lílò. Mẹ́rin nínú méje. Mi ò sọ pé bí àwọn aṣòfin ṣe rò ó nìyẹn. Èmi ni mo kà á bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró nínú ọjà, ẹ ó rí i pé ọ̀nà ibẹ̀ ni ìjìyà ń gbà. Ilé iṣẹ́ ní ògiri àti olùṣọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ń rìn lóru. Ìyá tó jókòó sídìí tábìlì nínú ọjà kò ní ibi tó lè sá sí.

Mo wà nínú ọjà kan ní ilẹ̀ wa nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin náà ṣọ́ ọjà. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì dé, wọ́n tú abẹ́ tábìlì ìyá kan tó ń ta gaàrí àti ṣúgà, wọ́n sì kó ọ̀rá rẹ̀. Ìyá náà kò jà, kò sì pariwo.

Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ ọ nínú rédíò. Ẹ máa kó o lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ṣúgà ọgọ́rùn-ún fránkì, inú kí ni kí n dà á sí fún un?”

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá, ẹ máa lo bébà.”

Ìyá ní, “Bébà wo, ọmọ mi?”

Kò rí èsì fọ̀. Bébà tó wà nínú ọjà lọ́jọ́ náà ni bébà àpò sìmẹ́ńtì, àti ìwé tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti kọ tán, tí tádàwà kún ojú rẹ̀. Ta ló máa da ṣúgà sínú ìyẹn? Ọmọ òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, ó tilẹ̀ tọrọ àforíjì kó tó lọ. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un ibi tí bébà náà yóò ti wá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ọ̀rọ̀ kẹjọ. Òfin ní kí a má ṣe é, kí a má kó o wọlé, kí a má kó o jáde, kí a má tà á, kí a má ní in, kí a má pín in, kí a má lò ó. Ẹni tó máa ṣe ohun tí a ó lò dípò rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni yóò ti rí owó ra ẹ̀rọ? Ta ló máa ra ọjà rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, nígbà tí ọjà náà ṣì wọ́n? Mo wá ìdáhùn yìí nínú ọjà, nítorí ibẹ̀ ni òfin ti ń fi ara hàn. Mi ò rí i.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn orúkọ òfin náà. Òun ló ń yọ mí lẹ́nu jù. Òfin kò ka gbogbo ọ̀rá léèwọ̀. Èyí tí kì í jẹrà ni ó kà léèwọ̀. Èyí tó bá ń jẹrà, ẹ lè tà á. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára irú rẹ̀ ni “biodégradable”. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kàwé báyìí lè rí ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì pè é. Ṣùgbọ́n báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá òótọ́ ni?

Ọ̀rá tó ń jẹ́ orúkọ yìí kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn kan wà tí wọ́n po èròjà kan mọ́ wóró rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Bí oòrùn bá pa á títí, ó ń já sí wẹ́wẹ́. Ojú kò ní rí i mọ́, a ó sì rò pé ó ti jẹrà. Kò jẹrà rárá, ó kàn kéré ni. Ó wà nínú ilẹ̀, ó wà nínú omi, ẹja sì ń gbé e mì. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi òfin ọdún 2019 ka irú ọ̀rá yìí léèwọ̀, láti oṣù keje ọdún 2021. Òmíràn wà tí wọ́n ń fi èròjà inú àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe. Ìyẹn sàn jù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń sọ ìdọ̀tí di ajílẹ̀, níbi tí ooru ti ń tó nǹkan bí 60 dígírì, kí wọ́n tó lè jẹrà dáadáa. Bí ẹ bá sọ ọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà Pọbẹ, ó lè pẹ́ níbẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ.

Ẹ wo ohun tí èyí ń fà. Ẹnì kan fẹ́ ṣe òótọ́. Ó ra èròjà tó wọ́n, ó ṣe ọ̀rá tó ń jẹrà ní tòótọ́, ó sì ní láti tà á ní owó tó pọ̀ díẹ̀. Ẹlòmíràn ṣe ọ̀rá àtijọ́, ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sí i lára, ó sì ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ìyá inú ọjà kò lè fi ọwọ́ mọ ìyàtọ̀. Òṣìṣẹ́ tó wá tú abẹ́ tábìlì kò lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ta ló máa jẹ gbèsè? Olóòótọ́ ni. Bí mo bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ni ìrànlọ́wọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ fún àwọn tó ń ṣe nǹkan, ń ò ní kọ́kọ́ dárúkọ owó. Ibi tí wọ́n ti lè dán ọ̀rá wò, kí wọ́n sì fi èdìdì sí èyí tó jẹ́ òótọ́, ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Àti orúkọ: kí a tẹ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ìlú tó ti ṣe é sára rẹ̀. A ń kọ orúkọ sára àpò sìmẹ́ńtì. Kí ló dé tí a kò lè kọ ọ́ sára ọ̀rá?

Ọ̀rọ̀ ẹnubodè náà wà níbẹ̀. Àwa tí a ń gbé ní Kétu, ní Ìfàǹgní, ní Ṣakété mọ̀ pé Ìlárá kò jìnnà, Ìgòlò kò sì jìnnà. Nàìjíríà ń ṣe ọ̀rá rẹpẹtẹ. Bí ilé iṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ wa bá ti ilẹ̀kùn nítorí òfin, tí ọ̀rá sì ń gba ọ̀nà inú igbó wọlé láti òdìkejì, a ti pàdánù iṣẹ́, ìdọ̀tí sì ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ohun tó fẹ́ dá dúró, pàápàá ìrẹsì, kò dá dúró tán. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ ilẹ̀ wa kò ní ya ẹnu sí ìyẹn. Lóòótọ́, Tógò ti ní àṣẹ tirẹ̀ lórí ọ̀rá láti oṣù kìíní ọdún 2011. Ìjọba Èkó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ike oúnjẹ fúyẹ́fúyẹ́ léèwọ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì fa òfin náà dé orí àwọn ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ àti àwọn ike àlòjùnù mìíràn ní oṣù keje ọdún 2025. Ó dára. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀, ọ̀rá sì mọ ọ̀nà ju òfin lọ.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn ti ṣe irú èyí ṣáájú wa. Ní Kẹ́ńyà, òfin ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2017, oṣù díẹ̀ ṣáájú tiwa. Ó le gan-an: ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún mẹ́rin. Ẹgbẹ́ àwọn tó ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀ ké gbàjarè pé ilé iṣẹ́ 176 ló máa ti ilẹ̀kùn, pé ènìyàn 60,000 ló máa pàdánù iṣẹ́. Ẹnu wọn ni mo gbà á, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì kàn lè fi kún un. Àwọn kan nínú wọn yí padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àpò kan tó nípọn, tó dà bí aṣọ, àmọ́ tó jẹ́ pé ike náà ni. Ó tà. Nígbà tó di ọdún 2019, ìjọba tún kéde pé òun fẹ́ ka àpò náà léèwọ̀, nítorí pé àwọn kan ti ń ṣe é ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kò lè pẹ́. Ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tó yá owó ra ẹ̀rọ tuntun láàárín ọdún méjì yẹn.

Ti Rùwáńdà yàtọ̀ díẹ̀. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ka ọ̀rá léèwọ̀, ọwọ́ wọn sì le koko. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ òfin náà dé orí àwọn ike àlòjùnù mìíràn ní ọdún 2019, wọ́n fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ní ọdún méjì láti palẹ̀ mọ́. Ọdún méjì kì í ṣe owó. Síbẹ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ lè fi í ṣètò ara rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé orílẹ̀-èdè wa kéré, pé ìjọba kò ní agbára láti ran àwọn tó ń ṣe nǹkan lọ́wọ́. Kì í ṣe òótọ́. Ìjọba wa mọ bí wọ́n ti ń ṣe é nígbà tó bá wù ú. Àwọn àgbà wa rántí pé ní àwọn ọdún 1970 sí 1980, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì sí Onigbolo, lẹ́bàá Pọbẹ, wọ́n sì kọ́ ti ṣúgà sí Ṣábẹ. Ilẹ̀ àwa Nàgó ni méjèèjì wà. Ní ọdún 2020, ìjọba ya ilẹ̀ tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 1,640 sọ́tọ̀ ní Glo-Djigbé, ní òkè Kútọnu, fún àwọn ilé iṣẹ́. Wọ́n mú iná débẹ̀, wọ́n la ọ̀nà, wọ́n sì dín owó orí àti owó dúwáànì kù fún àwọn tó bá wá síbẹ̀. Wọ́n tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó kajú tútù jáde kúrò ní ìlú mọ́, àti ẹ̀wà soyà, kí àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ lè rí èyí tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lé lórí. (Àgbẹ̀ kajú ní Ṣábẹ lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ lórí iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn ni tìyẹn.)

Ẹ wò ó. Ilẹ̀, iná, ọ̀nà, ìdẹ̀rùn owó orí, àti òfin tó ń darí ọjà lọ bá wọn. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn, kíkún rẹ́rẹ́. Òfin ọ̀rá ti darí ọjà tirẹ̀ náà: ó ti lé ọ̀rá kúrò lójú ọ̀nà. Kò wá sí ẹni tí wọ́n múra sílẹ̀ láti jókòó sí àyè rẹ̀.

Ẹ sì jẹ́ ká rántí òwú. Ní ìkórè ọdún 2021 sí 2022, òwú tí wọ́n kó ní Bẹ̀nẹ̀ lé ní 700,000 tọ́ọ̀nù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èyí tó pọ̀ jù nínú òwú yìí ń bọ́ sínú ọkọ̀ òkun láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ran án níbí. Báyìí, wọ́n ti ń fi díẹ̀ nínú rẹ̀ rán aṣọ ní Glo-Djigbé fún àwọn ilé ìtajà òkèèrè. Ẹni tó lè rán ẹ̀wù fún ará Faransé lè rán àpò ọjà fún ará Kétu. Ṣé ẹ̀rọ kan ṣoṣo kò lè máa rán àpò fún ọjà wa? Mo mọ̀ pé àpò òwú náà ní ẹrù tirẹ̀. Oògùn kòkòrò tí wọ́n ń fọ́n sí oko òwú kì í ṣe ohun ìṣeré, ẹni tó bá sì fẹ́ máa lo àpò òwú lẹ́ẹ̀kan kó sì jù ú nù, kí ó kúkú padà sí ọ̀rá. Èyí tí à ń fọ̀, tí à ń lò fún ọdún mẹ́ta, ni mo ń sọ. Bí àwọn méèrì àti àwọn ilé ìwé bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ra á lọ́pọ̀, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ fún àwa tó kù.

Ṣùgbọ́n àpò kò lè di ẹ̀kọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ ewé.

Kí ọ̀rá tó dé, ilẹ̀ wa ní ohun ìdìpọ̀ tirẹ̀. Ewé eeran ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ, tí a fi ń di ọ̀lẹ̀lẹ̀, tí a fi ń bo ẹran. Ó fẹ̀, ó le, kì í ya nínú omi gbígbóná, ó sì ń fún oúnjẹ ní òórùn tó dára. Bí ẹ bá jù ú nù, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, kò sì ní kú. Àwọn ọmọdé mọ èso rẹ̀ tó pupa nísàlẹ̀ igi, tó máa ń dùn lẹ́nu fún ìgbà pípẹ́. Àwọn òyìnbó ti ń yọ ohun dídùn inú èso yẹn fi sínú súìtì àti ohun mímu. Wọ́n mọ iyì rẹ̀. Òfin ìlú wa kò dárúkọ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ méje.

Ta ló ń ṣe ewé? Àwọn obìnrin ni. Wọ́n ń wọ igbó láàárọ̀ kùtùkùtù, wọ́n ń já a ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò ó, wọ́n ń dì í, wọ́n ń rù ú dé ọjà. Ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n ní onílé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń ṣe ni ìjọba sọ pé òun ń wá: ohun ìdìpọ̀ tó ń jẹrà, tí kò gba epo rọ̀bì, tí kò gba owó òkèèrè. Abẹ́ igi ńlá ni ewé eeran ti ń hù dáadáa, níbi tí ìbòòji wà. A ti ń gé igbó wa. Bí igbó ṣe ń dín kù ni ọ̀nà àwọn obìnrin yìí ń jìn sí i, tí ewé sì ń wọ́n, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ewé ṣe ń wọ́n ni ẹlẹ́kọ ń yí sí ọ̀rá, tó sì ń da ẹ̀kọ gbígbóná sínú rẹ̀. Ìyẹn kò dára fún ara.

Ní Pọbẹ, ilé ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti ọdún 1922. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé, àwọn onímọ̀ ti ń wá bí igi ọ̀pẹ yóò ṣe so dáadáa, nítorí pé epo jẹ́ owó. Ìwọ̀nba irú akitiyan bẹ́ẹ̀ lórí ewé eeran, báwo ni yóò ti rí? Kí ẹnì kan kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè gbìn ín sábẹ́ ọ̀pẹ tàbí sábẹ́ igi eléso. Kí wọ́n rí ibi tó tutù tí wọ́n lè tọ́jú ewé sí kó má gbẹ. Kí wọ́n dín owó igbá ọjà kù fún wọn fún ọdún díẹ̀. Owó èyí kéré sí ọ̀nà kan ní Glo-Djigbé.

Àwọn tó ń hun agbọ̀n náà ńkọ́? N ò ní sọ púpọ̀ nípa tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ kì í kọ́ iṣẹ́ náà mọ́, ẹ sì mọ ìdí: ọjọ́ kan gbáko fún agbọ̀n kan, ẹni tó fẹ́ rà á sì ń ná an bí ẹni pé ó jí i.

Mo tún padà sí ọjà náà láìpẹ́ yìí. Ìyá tó ń ta gaàrí àti ṣúgà ṣì wà níbẹ̀, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló ń bá a wọn ọjà báyìí. Ọ̀rá ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn òṣìṣẹ́ kì í wá tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tó rí mi, ó pè mí.

Ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn àgbà níwèé, ẹ wá bá mi ka èyí.”

Ó fa ọ̀rá tuntun kan yọ, tó nípọn díẹ̀ ju ti àtijọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ewé. Ẹni tó tà á fún un sọ pé ìjọba fọwọ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, ní lẹ́tà ńlá. Ọmọ ọmọ rẹ̀ pè é kí n tó pè é. “Biodégradable” ni. Mo sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún un.

Ìyá mi orí. Ó ní, “Ó dáa. Ta ló wá ṣe é?”

Mo yí ọ̀rá náà sí ọ̀tún, mo yí i sí òsì, mo na inú rẹ̀ síta, mo gbé e sójú oòrùn. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀.